Bí a ṣe ń fi agbára kún kẹ̀kẹ́ oníná: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí mọ́tọ̀, kọntirólà àti bátìrì

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ níbí kì í ṣe Màrúwá onítáyà mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí wọ́n fi iná ran ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á lọ́wọ́. Bí mo bá sì ní mọ́tọ̀, ẹ má ro ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ róbótó tó máa ń wà láàárín táyà tàbí nídìí pẹ́dà ni mò ń wí. Ìbàdàn ni mo ti ń tún un ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi jẹ́ tókunbọ̀ láti Yúróòpù: mọ́tọ̀ 250 wáàtì, bátìrì 36 fóltì. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ṣe é fún. Tó bá dé ẹsẹ̀ òkè Màpó, ó di ẹrù tí olówó rẹ̀ ń tì gòkè. Ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi mí nípa rẹ̀ kò yàtọ̀ síra púpọ̀, ni mo ṣe kó wọn jọ síbí.

Ẹ̀gbọ́n, kẹ̀kẹ́ mi ń sáré dáadáa ní ọ̀nà tó tẹ́jú. Kí ló dé tó fi ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ tí mo bá ń gun òkè?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ yín jọ wúwo tó 100 kílò, òkè náà sì ń fi mítà 1 ga sí i nínú mítà 10 tí ẹ bá rìn. Tí ẹ bá fẹ́ gùn ún ní kìlómítà 10 láàárín wákàtí kan, bíi 270 wáàtì ni táyà gbọ́dọ̀ rí gbà, ká má tíì ka ti afẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ kìlómítà 20 ni ẹ fẹ́, ó ti di bíi 540 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo iná tó wọ inú mọ́tọ̀ ló ń jáde bí agbára. Apá kan ń di ooru, pàápàá nígbà tí mọ́tọ̀ bá ń yí jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹrù. Bí ẹ bá dúró pátápátá lórí òkè tí ẹ ṣì di tírọ́tù (ọwọ́ tí ẹ fi ń fún mọ́tọ̀ ní iná) mú, gbogbo iná tó ń wọlé ooru ló ń dà, ẹ ń se mọ́tọ̀ yín ni.

Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ náà lè má ní àrùn kankan. Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un ló ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́: ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi 100 wáàtì kún un láìmí gúlegúle.

Fóltì ni tàbí ámpù? Wọ́n ní 48 fóltì ló ń jẹ́ kó sáré.

Ẹ wo alábàárù ní ọjà Bódìjà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yá tó, fóltì nìyẹn. Bí ẹrù tí orí rẹ̀ gbà ṣe wúwo tó, ámpù nìyẹn. Iye ẹrù tó máa kó dé ìdí ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, inú méjèèjì ló ti ń wá, òun sì ni wáàtì. Ẹ kàn sọ ọ̀kan di ìlọ́po èkejì: 36 fóltì lọ́nà 15 ámpù, 540 wáàtì. 48 fóltì lọ́nà 25 ámpù, 1,200 wáàtì.

Àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀ lójú ọ̀nà. Mọ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà tó ń yí fún fóltì kan ṣoṣo. Tí ẹ bá gbé e láti 36 sí 48, yóò fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta yára sí i, ìyẹn nígbà tí ẹ gbé táyà sókè tí kò kan ilẹ̀. Tó bá kanlẹ̀, kò ní tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló fà á. Ẹni tó fẹ́ sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì gbọ́dọ̀ wá agbára ìlọ́po mẹ́jọ láti fi la afẹ́fẹ́ nìkan. Ámpù ní tirẹ̀ ló ń fún táyà nípá láti gbéra níbi tó dúró sí, òun náà ló sì ń gun òkè. Ẹni tó ń gbé Lẹ́kí àti ẹni tó ń gbé Adó-Èkìtì kò yẹ kí wọ́n ra nǹkan kan náà.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tajà kì í sọ nípa ámpù. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nínú wáyà kan náà, ooru inú wáyà yẹn di ìlọ́po mẹ́rin. Ibi tí ọ̀pọ̀ mọ́tọ̀ ti ń jóná nìyẹn.

Mọ́tọ̀ 1,000 wáàtì ni mo fẹ́ rà. Ìyẹn nìkan kò ní tó?

Ẹ tọ́jú owó yín ná. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára mọ́tọ̀ ń sọ iye tó lè gbé fún àkókò pípẹ́ láìgbóná jù. Kò sọ iye tí yóò máa fún yín. Bátìrì àti kọntirólà (àpótí kékeré tó ń darí iná láti bátìrì lọ sí mọ́tọ̀) ló ń pinnu ìyẹn. Tí ẹ bá so mọ́tọ̀ 1,000 wáàtì mọ́ bátìrì 36 fóltì àti kọntirólà 15 ámpù, 540 wáàtì yẹn náà ni ẹ máa rí, ẹ wá fi ìwúwo irin kún un. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, àmọ́ àfi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ga dọ́gba.

Bàbá kan gbé kẹ̀kẹ́ wá láti Mókọ́lá, wọ́n ti fún un ní iye mọ́tọ̀ tuntun níbòmíràn. Mo fi tẹ́sítà sí bátìrì rẹ̀ lẹ́yìn tó kún: 41 fóltì àti díẹ̀, ó dára. Mo ní kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gùn ún gòkè, èmi sì ń sáré tẹ̀ lé e, tẹ́sítà lọ́wọ́ (ẹ má rẹ́rìn-ín). Kò tíì dé àárín òkè tí fóltì ti já wálẹ̀ sí 32. Bátìrì ló ti darúgbó. A pààrọ̀ bátìrì náà sí 36 fóltì tuntun, àwọn yòókù ò yí padà, bàbá sì ń gun òkè wọn lọ. Láti ọjọ́ náà, n kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́tọ̀ tí n kò bá tíì rí bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń ṣe lábẹ́ ẹrù.

Níbo gan-an wá ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bátìrì, kọntirólà, mọ́tọ̀. Bí mo ṣe tò ó yẹn ni kí ẹ ṣe tẹ̀ lé e. Kọntirólà kò lè fa ohun tí bátìrì kò ní, mọ́tọ̀ kò sì lè lo ohun tí kọntirólà kò jẹ́ kó kọjá. Bíréèkì ló yẹ kó ṣáájú gbogbo wọn, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà, màá padà sọ̀rọ̀ lé e nísàlẹ̀.

Ṣé mo lè so bátìrì 48 fóltì mọ́ kọntirólà 36 fóltì tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Àwọn kan ń ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Ẹ má ṣe é láìtú kọntirólà wò. Bátìrì tí wọ́n ń pè ní 48 kì í dúró sí 48. Tó bá kún, 54.6 ni. Nínú ọ̀pọ̀ kọntirólà 36 fóltì, kàpásítọ̀ ńlá (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀) tó wà nínú rẹ̀ kò lè gbà ju 50 fóltì lọ, wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ gbangba. Ẹni tó gungi kọjá ewé ni ẹni tó so 54.6 mọ́ ọn. Ó lè bú gbàmù lọ́jọ́ kìíní, ó sì lè fara dà á fún oṣù méjì kó tó bú. Tí ẹ bá rí 63 lára kàpásítọ̀ náà, ẹ tún yẹ àwọn ẹ̀yà tó kù wò.

Ìṣòro kejì kì í pariwo. Kọntirólà máa ń pa iná fúnra rẹ̀ tí bátìrì bá ti ń lọ sí òfo. Ti 36 fóltì máa ń pa á ní bíi 31, ti 48 ní bíi 41. Kọntirólà 36 kò ní mọ ìgbà tí bátìrì 48 gbẹ, yóò máa fa á lọ. BMS, ìyẹn pátákó kékeré inú bátìrì tó ń dáàbò bò ó, nìkan ni yóò gbà yín, bẹ́ẹ̀ ìgbà ìkẹyìn ni ó yẹ kí BMS bọ́ sọ́rọ̀, kò yẹ kó di iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́.

Kọntirólà kan wà tí wọ́n ṣe fún 36 àti 48 pọ̀. Tí tiyín bá jẹ́ irú rẹ̀, ẹ ti bọ́.

Kọntirólà wo ni kí n rà?

Ẹ wo ohun mẹ́ta: fóltì tó bá bátìrì yín mu, ámpù tí bátìrì lè fún un láìrẹ̀, àti bóyá ó bá wáyà tó ń jáde lára mọ́tọ̀ yín mu. Tí bátìrì yín bá lè fi ìrọ̀rùn fúnni ní 25 ámpù, ẹ má ra kọntirólà 40 ámpù tìtorí pé iye owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kọntirólà kì í bojú wo ẹni tó ń fún un lóúnjẹ.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń pariwo, ó ń kùn bí èyí tí inú ń bí tí ẹ bá ń gbéra. Èkejì dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì ń rọra fa mọ́tọ̀. Mo fẹ́ràn èkejì, ní pàtàkì fún ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ kọjá àárín èrò. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa lè lọ sí VESC, kọntirólà tí Benjamin Vedder ará Sweden ṣe, tó sì ṣí ètò rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Gbogbo nǹkan ni ẹ lè yí nínú rẹ̀: ámpù bátìrì lọ́tọ̀, ámpù mọ́tọ̀ lọ́tọ̀, ooru tó gbọ́dọ̀ dé kó tó dẹwọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fi í jó mọ́tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo so ó tán, táyà ń gbọ̀n, kò yí. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Wáyà ni. Wáyà nípọn mẹ́ta ń lọ sínú mọ́tọ̀: yẹ́lò, àwọ̀ ewé àti búlúù. Wáyà tínínrín márùn-ún tún tẹ̀ lé wọn: pupa àti dúdú tó ń gbé 5 fóltì, àti yẹ́lò, àwọ̀ ewé, búlúù mìíràn tó ń sọ fún kọntirólà ibi tí mọ́tọ̀ yí dé. Ẹ̀tàn ibẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tọ̀ àti èyí tó ṣe kọntirólà lè lo àwọ̀ kan náà fún nǹkan tó yàtọ̀. Ọ̀nà 36 ló wà tí èèyàn lè gbà so ó, díẹ̀ nínú wọn ló tọ́. Àwọn kan máa jẹ́ kó yí padà sẹ́yìn. Àwọn kan máa jẹ́ kó yí síwájú lóòótọ́, àmọ́ yóò máa pariwo, yóò sì máa jẹ iná bí ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ mẹ́ta. Èyí ló léwu jù, ẹ máa rò pé ó ti bọ́ sí i.

Ẹ gbé táyà sókè, ẹ rọra fún un ní tírọ́tù díẹ̀, ẹ sì máa wo ámpù tó ń fà. Mọ́tọ̀ tó yí láìrù ẹrù kankan kò yẹ kó fa ju ámpù kan sí méjì tàbí mẹ́ta lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀, tàbí tó gbóná láìṣiṣẹ́, ẹ tú u kí ẹ tún un so. Lónìí, àwọn kọntirólà kan ní wáyà méjì tí ẹ máa so pọ̀ kí wọ́n lè kọ́ mọ́tọ̀ fúnra wọn. Ẹ lò ó.

Wọ́n ní èèyàn lè fi léèdì kún irin kékeré inú kọntirólà kó lè fún mi ní ámpù sí i. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, mo sì ti ṣe é rí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí kọntirólà fi ń wọn ámpù tó ń kọjá. Tí ẹ bá da léèdì bò ó, ó nípọn sí i, kọntirólà á máa ka ámpù sí èyí tó kéré ju bó ṣe rí lọ. Ẹ ti purọ́ fún un. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀yin náà ò mọ bí irọ́ náà ṣe tóbi tó mọ́.

Mo ṣe é fún kẹ̀kẹ́ tèmi. Ó dùn fún ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé ìyá mi sẹ́yìn láti ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ, mo gbọ́ kan-kan-kan láti inú táyà, lẹ́yìn náà mọ́tọ̀ ń yí, kẹ̀kẹ́ ò lọ. Nígbà tí mo tú u, eyín jíà inú rẹ̀ ti já dànù, ọ̀rá líle tí wọ́n fi ṣe é ti yọ́ mọ́ ara irin. Ìyá mi fẹsẹ̀ rìn délé. Wọn ò tíì gun kẹ̀kẹ́ mi mọ́ títí dòní. Tí ẹ bá fẹ́ ámpù sí i, ẹ ra kọntirólà tó ń fúnni ní ámpù sí i.

Jíà inú mọ́tọ̀? Mo rò pé mọ́tọ̀ kan náà ni gbogbo wọn.

Rárá o. Èyí tó kéré, tó sì fúyẹ́, ní jíà kéékèèké mẹ́ta nínú, ọ̀rá líle ni wọ́n sábà fi ń ṣe wọn kí wọ́n má baà pariwo. Mọ́tọ̀ inú rẹ̀ ń yí ní bíi ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi ń gun òkè ju bó ṣe tóbi tó lọ. Òun ló wà lára ọ̀pọ̀ tókunbọ̀ 250 wáàtì. Ó gba kí ẹ fi díẹ̀ kún ámpù rẹ̀. Kò gba kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Èkejì tóbi bí abọ́ ẹ̀kọ, ó wúwo, kò ní jíà rárá. Ohun tó ń yí nínú rẹ̀ ni táyà gan-an. Ó lè gba agbára púpọ̀ nítorí kò sí eyín tó máa já, ó sì lè dá iná padà sínú bátìrì tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì. Àmọ́ lórí òkè gígùn tí ẹ ń gùn jẹ́jẹ́, òun ló ń gbóná jù. Ìbàdàn kọ́ ni ilé rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó wà nídìí pẹ́dà. Agbára rẹ̀ ń gba inú ṣéènì kọjá, nítorí náà tí ẹ bá yí jíà kẹ̀kẹ́ sí èyí tó rọrùn, mọ́tọ̀ náà ń gbádùn. Bafang BBS02 àti BBSHD ló wọ́pọ̀ nínú èyí tí èèyàn lè rà kó sì fi sára kẹ̀kẹ́ lásán. BBSHD jẹ́ 1,000 wáàtì, kọntirólà 30 ámpù ti wà nínú rẹ̀. Fún ẹni tó ń gbé orí òkè, bí owó bá wà, òun ni mo máa ń dárúkọ. Ṣéènì ló máa ń jẹ. Ẹ máa ra ṣéènì bí ẹni ń ra búrẹ́dì.

Ti Bosch ni mọ́tọ̀ tèmi. Ṣé ẹ lè bá mi fi agbára kún un?

N kò lè ṣe é. Bátìrì, mọ́tọ̀ àti ojú tí ẹ ń wò níwájú ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú irú kẹ̀kẹ́ yẹn, wọn kì í gba àlejò. Bátìrì tí wọn ò mọ̀, wọn ò ní tan iná fún un. Àwọn tuntun tún máa ń mọ̀ tí èèyàn bá ti fi nǹkan tàn wọ́n jẹ lórí eré, wọ́n á sì dín agbára kù fúnra wọn. Ẹ tà á fún ẹni tó ń gbé ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra òmíràn.

Mo ní sẹ́ẹ̀lì laptop tó pọ̀ nílé. Ṣé a ò lè fi wọ́n to bátìrì?

Mo mọ ibi tí ìbéèrè yìí ti wá. Owó bátìrì ló gbé ìdajì nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì kan (bátìrì kékeré tí wọ́n ń tò pọ̀ di ńlá) tó kún jẹ́ 4.2 fóltì. Bátìrì 36 fóltì jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 10 tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, ó sì kún ní 42. Ti 48 jẹ́ 13, ó kún ní 54.6. Ti 52 jẹ́ 14, ó kún ní 58.8. Fóltì nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ ámpù, ẹ máa to sẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ká ní sẹ́ẹ̀lì kan lè fúnni ní 5 ámpù láìgbóná: márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á fún yín ní 25. Bátìrì 48 fóltì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ márùn-ún nílò sẹ́ẹ̀lì 65.

Sẹ́ẹ̀lì laptop kò bá èyí mu. Wọ́n ṣe é láti máa tú iná jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún wákàtí mélòó kan. Kẹ̀kẹ́ ń já á gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Yàtọ̀ sí èyí, sẹ́ẹ̀lì 65 tí ẹ ṣà jọ láti ara ọgbọ̀n laptop kì í ṣe ọjọ́ orí kan náà. Ìlà kan tó rẹ̀ yóò máa kún ṣáájú àwọn yòókù, yóò sì máa gbẹ ṣáájú wọn, ibẹ̀ ni iná ti ń sọ. Ní New York, òfin ìlú náà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023 ti ka fífi sẹ́ẹ̀lì àlòkù to bátìrì tuntun léèwọ̀, nítorí iná tó ti jó ilé àwọn ènìyàn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ayédèrú. Orúkọ 18650 ń sọ ìwọ̀n rẹ̀: mìlímítà 18 ní fífẹ̀, 65 ní gígùn. Sẹ́ẹ̀lì oníwọ̀n yẹn tó dára kì í ju bíi 3,500 mAh (iye iná tó lè gbà) lọ. Tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 9,900 sí lára, irọ́ ni wọ́n ń tà fún yín. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n: èyí tó dára wúwo tó bíi gíráàmù 45 sí 50.

Tí ẹ bá máa to ó láìka gbogbo èyí sí, ẹ rí i pé sẹ́ẹ̀lì tuntun, irú kan náà, láti inú páálí kan náà ni, kí ẹ sì lo ẹ̀rọ tó ń fi iná gbá irin níkẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn. Ẹ má fi àyọ́ léèdì jó o, ooru rẹ̀ ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ yọ BMS kúrò kó má baà máa pa iná lórí òkè, ẹ má padà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. BMS tó ń pa iná lórí òkè ń sọ fún yín pé bátìrì yín kéré.

Bátìrì ínfátà ńkọ́? Lithium ni òun náà bíi ti kẹ̀kẹ́.

Lithium ni lóòótọ́, àmọ́ irú mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ 3.2 fóltì, 16 nínú wọn ló di 51.2, ó ń kún ní 58.4. Kì í tètè gbiná bí ti kẹ̀kẹ́, ó sì ń pẹ́ láyé jù ú lọ. Tó bá jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ni tiyín, tó ní àpótí níwájú tàbí lẹ́yìn, mo fara mọ́ ọn, ẹ kàn rí i pé kọntirólà gba 58.4. Àmọ́ èyí tó wà nílé, tó ń gbé fíríìjì, lè wúwo tó 40 kílò. Ẹ má gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ológeere.

Ti bátìrì olómi tàbí ti oníléèdì mẹ́rin ti 12 fóltì, mi ò ní sọ púpọ̀: kílò 16 fún èyí tó kéré, tó bá sì dé orí òkè, àárẹ̀ á mú un.

Ṣé ṣájà tó wà tẹ́lẹ̀ ṣì dára?

Tí fóltì bátìrì bá yí padà, ṣájà gbọ́dọ̀ yí padà. Ṣájà 42 kò lè kún bátìrì 48. Ẹ̀dùn ọkàn nìyẹn mọ. Ṣájà 54.6 tí ẹ kì bọ bátìrì 36, iná ilé ni. Ihò wọn sábà máa ń bára mu, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Èmi fi ọ̀dà pupa kùn ẹnu gbogbo ṣájà 48 tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ má gbé bátìrì sí ẹnu ọ̀nà nígbà tó bá ń gba iná. Tó bá gbiná, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ máa wà. Ẹ má fi ṣájà sí i lójú oorun. Ẹ má fi ṣájà sí i nígbà tó ṣì gbóná láti ojú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó tutù fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba àti Kánádà, òdìkejì ni tiyín: ẹ má gba iná sí bátìrì tó tutù bí yìnyín, ẹ gbé e wọlé kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá. Bátìrì tó wú, tó ń rùn bí ọ̀dà, tàbí tó jábọ́ tí ara rẹ̀ tẹ̀ wọlé, ẹ gbé e síta, ẹ má tún fi ṣájà kàn án.

Kí ni ẹ ní ẹ máa sọ nípa bíréèkì?

Ipá tó wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń sáré kìlómítà 45 ní wákàtí ju ìlọ́po mẹ́ta ti èyí tó ń sá 25 lọ. Bíréèkì ni yóò pa gbogbo rẹ̀. Rọ́bà tó ń fún ẹ̀gbẹ́ táyà, èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ tókunbọ̀, kò lè ṣe é, pàápàá nínú òjò. Kí ẹ tó so kọntirólà tuntun, ẹ lọ ra bíréèkì oní-díìsì, kó wà níwájú àti lẹ́yìn.

Ohun kejì tí wọ́n ń gbàgbé ni ọ̀pá irin tó gba àárín táyà kọjá. Bí mọ́tọ̀ ṣe ń yí táyà síwájú, bẹ́ẹ̀ náà ló ń yí ọ̀pá yẹn sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì nìkan kò lè dì í mú tí agbára bá ti pọ̀. Á la ojú fọ́ọ̀kì, á yí, á fa gbogbo wáyà já, táyà á sì bọ́. Tó bá jẹ́ táyà iwájú ni, eyín yín ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ẹ ní kí wẹ́dà gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 6, kó gbẹ́ ihò tó fún ọ̀pá náà pinpin sí i, kí ẹ sì fi bóòtì dè é mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Fọ́ọ̀kì alumíníọ̀mù ló nílò rẹ̀ jù, kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń là lẹ́ẹ̀kan náà.

Báwo ni yóò ṣe jìnnà tó lẹ́yìn tí mo bá fi agbára kún un?

Kò ní jìnnà tó ti tẹ́lẹ̀, àyàfi tí bátìrì bá tóbi sí i. Bátìrì 36 fóltì, 10 Ah (ámpù 10 fún wákàtí kan), jẹ́ 360 Wh (wáàtì 360 fún wákàtí kan). Ẹni tó ń fẹsẹ̀ wà á jẹ́jẹ́ lè máa jẹ 12 Wh fún kìlómítà kan, ìyẹn kìlómítà 30. Ẹni tó ń di tírọ́tù mú ní kìlómítà 40 ní wákàtí lè jẹ 25, kó má sì rìn ju 14 lọ.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, oúnjẹ ni mo ń gbé káàkiri. Ṣé mo lè ṣe èyí níbí?

Ẹ̀gbọ́n yín ò ní purọ́ fún yín: má ṣe é. Ní Ìlú Ọba, mọ́tọ̀ kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ ju 250 wáàtì lọ, kò sì gbọdọ̀ tì yín lọ mọ́ tí eré bá ti tó máìlì 15.5 ní wákàtí, ìyẹn kìlómítà 25. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀kadà ni lójú òfin: ó nílò ìforúkọsílẹ̀, ìnṣọ́ránsì, láísẹ́nsì àti akoto. Ọlọ́pàá lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì, ẹ̀yin tó sì ń wá ìwé ìgbélùú, ẹ mọ ohun tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lè fà. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025 náà ni TfL, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ti fòfin de gbígbé kẹ̀kẹ́ oníná tí kì í ká wọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin wọn, nítorí iná bátìrì.

Ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ lórí títa rẹ̀ gba mọ́tọ̀ tí kò tó 750 wáàtì àti máìlì 20 ní wákàtí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀. New York ní kí bátìrì tí wọ́n bá ń tà ní àmì UL 2271, ìyẹn àmì pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ààbò.

Ohun tí ẹ lè ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù láìbá òfin jà ni bátìrì tó tóbi sí i tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà fọwọ́ sí. Ẹ ò ní yára sí i, àmọ́ ẹ ò ní máa dúró gba iná ní ọ̀sán gangan.

Òjò ńkọ́?

Ẹ fi ẹnu kọntirólà àti gbogbo ibi tí wáyà ti so pọ̀ dojú kọ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wáyà tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọlé, kí omi lè kán sílẹ̀. Àwọn ìdè wáyà róbótó tó wà lára kọntirólà olówó pọ́ọ́kú máa ń yọ́ tí ámpù bá pọ̀. Ẹ pààrọ̀ ti bátìrì sí XT60, tàbí XT90 tí ẹ bá ti kọjá 40 ámpù. Ẹ má fọ kẹ̀kẹ́ yín pẹ̀lú omi onípá ní ibi ìfọkọ̀.

Ṣé ẹ lè ṣe tèmi kó máa sá tó ọ̀kadà?

Mo lè ṣe é, mi ò ní ṣe é. 72 fóltì, mọ́tọ̀ ńlá, kó sì máa sá 80: férémù kẹ̀kẹ́ ológeere, sípóòkì rẹ̀ àti táyà rẹ̀ kò mọ irú eré bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kadà oníná lẹ ń wá, ó ti wà. Ní Kútọnu àti Lomé, àwọn onízémídjan (ọlọ́kadà ibẹ̀) ń wa ti ilé iṣẹ́ Spiro, wọn kì í dúró gba iná rárá: wọ́n ń gbé bátìrì tó gbẹ sílẹ̀ ní ibùdó, wọ́n ń gbé èyí tó kún, ó di ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn tó bi mí ní ìbéèrè yìí lọ sí Kútọnu lọ wò ó, ó sì padà wá ní kí n bá òun ra bíréèkì.